Òpó Afẹ́fẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri Àlàájì

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ariwo ilé wa máa ń ṣáájú oòrùn. Ọmọ-ọlọ Àwáwù ló máa ń kọ́kọ́ jí wa láti òdìkejì ògiri, níbi tó ti ń lọ ìrẹsì tí yóò fi dín màsà. Garawa kànga yóò dáhùn. Àkùkọ Ìyá Àgbà, tí kì í mọ àsìkò, yóò kọ nígbà tí gbogbo àkùkọ yòókù bá ti dákẹ́. Kò ní í pẹ́ tí Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ yóò gba ẹnu ọ̀nà kékeré inú ògiri kọjá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tí yóò ti máa kí ìyá mi kó tó rí i: "Ìyá Dúpẹ́, ṣé ẹ ti jí, àbí ẹ ṣì ń bá ọkọ yín pín aṣọ?" Ìyá mi yóò fi ẹ̀rín dá a lóhùn láti ibi ìdáná pé, "Ọkọ mi ti jí tipẹ́, Ìyá Àgbà. Ó ń bá afẹ́fẹ́ jà lẹ́yìn ilé." "Kí ni afẹ́fẹ́ fi ṣe é?" "Ó ní òun fẹ́ dè é mọ́lẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ fún òun." Arúgbó náà yóò pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Háà! Èmi rò pé ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́n ju báyìí lọ." Wọn yóò jọ rẹ́rìn-ín, ìyá mi yóò bu kókó, ẹ̀kọ mímu gbígbóná, fún un, ilẹ̀ yóò sì mọ́. Bí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, kì í dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Sabon Gari ti Zaria la wà, tí àwa Yorùbá ń pè ní Sábó. Rédíò ni bàbá mi ń tún ṣe ní iwájú ilé wa. Ará Ìlọrin ni Àlàájì Bùsàrí, ọmọ Ìyá Àgbà, tí ó kọ́lé tì wá, aṣọ ló ń tà lọ́jà, òun ló sì ta bàbá mi lólobó pé ilẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun nígbà tí bàbá mi ń wá ibi tí yóò kọ́lé sí. Nígbà tí wọ́n mọ ògiri tó pín ilé méjèèjì níyà, Àlàájì ní kí bíríkìlà fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ó ní, "Bí iná bá kú nílé mi, ṣé ìta ni kí ìyá mi gbà wá tọrọ iná nílé rẹ?" Ẹnu ọ̀nà yẹn ni oúnjẹ ń gbà, òun ni ọmọ ń gbà, òun ni ìbínú àwọn ìyàwó àti ìpẹ̀tù sí i ń gbà. Ọkùnrin ilé wa nìkan ni kì í gba ibẹ̀, nítorí pé eléhàá ni àwọn ìyàwó Àlàájì. Wọn kì í jáde sí ìgboro, ọkùnrin àjèjì kì í sì í rí ojú wọn. Ìyálé ti bímọ rẹpẹtẹ, kò sì fẹ́ràn ariwo. Àwáwù ni ìyàwó kékeré. Kò tíì bímọ. Mo mọ̀ báyìí pé obìnrin tí kò tíì bímọ nínú ilé bẹ́ẹ̀, orí ẹní ẹlẹ́ni ló jókòó sí. Nígbà náà, ohun tí mo mọ̀ kò ju pé ó ń pa àlọ́ fún mi, pé ó máa ń fi màsà tó jóná díẹ̀ pamọ́ fún mi nítorí ó mọ̀ pé èyí tó jóná ni mo fẹ́ràn. Èmi ni mo ń bá a gbé màsà kiri ìgboro, torí ẹsẹ̀ tirẹ̀ kò lè dé ibẹ̀. Òun àti ìyá mi a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ògiri náà lọ́sàn-án, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọ́n á máa ṣa ìrẹsì nínú atẹ kan ṣoṣo. Kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀ rí. Bó bá fẹ́ kí i, èmi ni yóò rán: "Lọ sọ fún bàbá rẹ pé mo ní wọ́n kúuṣẹ́ o."

Bí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ ṣe wọlé wa nìyí. Iná ìjọba kò tíì dé òpópónà wa. Ẹni tó bá ní rédíò, bátìrì ni yóò fi gbọ́ ọ, bí bátìrì náà bá sì kú, ó di kí a gbé e sórí bàsíkùlù lọ síbi tí wọ́n ti ń gba iná sí i, lọ́nà jíjìn, kí a sì dúró dè é. Bàbá mi lọ tún rédíò ṣe fún òyìnbó kan ní Samaru, ó sì rí ohun kan lórí òpó nínú ọgbà rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ onírin bí apá igún tí ń yí, tí ń gba iná sínú bátìrì láìsí epo, láìsí èéfín. Nígbà tí òyìnbó náà ń múra àtipadà sílùú rẹ̀, ó ta ẹ̀rọ náà fún bàbá mi, àti òpó rẹ̀, àti wáyà rẹ̀. Bàbá mi gbé e wálé nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ran, ó sì fi àpò ìdọ̀họ bò ó bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun. Láti ọjọ́ náà ni kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Gbogbo awakọ̀ lọ́rì Sábó ni yóò máa gbé bátìrì wá sọ́dọ̀ òun. Gílóòbù yóò máa tàn nínú ṣọ́ọ̀bù, òmíràn nínú yàrá, òmíràn níbi ìdáná. Ó fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé wa sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù: kànga rèé, igi dongoyárò rèé, òrùlé rèé, afẹ́fẹ́ rèé tó ń ti apá Kano bọ̀. Oníbàárà tó bá fẹ́ gba rédíò rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúró gbọ́ ìtàn afẹ́fẹ́.

Kò sì fi ìwàǹwára ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Ó ri ọparun gíga mọ́lẹ̀ káàkiri àgbàlá, ó fa ìró ìyá mi kan tó ti gbó ya, ó so àkísà kọ̀ọ̀kan mọ́ ṣóńṣó wọn, ó sì ń jí wò wọ́n láràárọ̀ nínú ọyẹ́, tòun ti fìlà onírun lórí àti ètè tó ti là. Àkísà iwájú ilé kàn ń gbọ̀n bí ìrù ewúrẹ́, torí òrùlé dí i. Ti ẹ̀gbẹ́ kànga sùn sára igi, torí dongoyárò ti gba afẹ́fẹ́ ibẹ̀ mu. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri Àlàájì, ló nà gbọọrọ bí ẹni ń nàka. Ibẹ̀ náà ni, ó ní, kò sì sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n kí abẹ̀bẹ̀ tó lè bọ́ lọ́wọ́ òrùlé ilé méjèèjì, òpó gbọ́dọ̀ ga ju bí òyìnbó ṣe lò ó lọ. Ó wá ra igi àsárà, igi líle tí àwọn Hausa fi ń ṣe àjà ilé tí ikán kì í sì í jẹ, ó fi bẹ́ńdé, ìgbànú irin, dè é mọ́ ìdí òpó onírin náà. Òpó ga. Inú rẹ̀ dùn. Ohun kan ni kò gùn tó mọ́: wáyà ìjánu, tí ènìyàn ń fà láti ìsàlẹ̀ kí abẹ̀bẹ̀ lè dúró bí afẹ́fẹ́ bá le jù. Ìdajì òpó ló parí sí. Bàbá mi kan irin sára igi bí àtẹ̀gùn, ó ní títí òun yóò fi rí wáyà irú rẹ̀ rà, òun yóò máa gùn dé ìdajì lọ fà á.

Ìyá mi tó ń yan ẹ̀pà gbé ojú sókè. "Bí ìjì bá dé ńkọ́?"

"Ìyá Dúpẹ́, láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé, o rí ìjì?"

"Ọyẹ́ ni ẹ ń wò. Òjò ni mò ń bi yín."

"Èmi ni mo ni afẹ́fẹ́ yìí báyìí. Kó tó dé, màá ti gbọ́ ìró rẹ̀."

"Tò," ni ìyá mi wí, ó sì dorí kọ ẹ̀pà rẹ̀. Ní Zaria, "tò" obìnrin kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ó kù kí a bi Àlàájì, torí ẹni bá gun òpó yẹn, àgbàlá eléhàá ló ń wò nísàlẹ̀. Àlàájì wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù, ó ń jẹ obì, ó wo àwòrán ṣọ́ọ̀kì náà lọ, ó wò ó bọ̀. "Bàbá Dúpẹ́, afẹ́fẹ́ lo ní o fẹ́ mú, àbí ìyàwó mi?" "Hábà, Àlàájì! Èyí tí mo ní gan-an kò jẹ́ kí n sinmi." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba Àlàájì. Ó ní kò burú. Ó tilẹ̀ gbà kí a kan èèkàn ọ̀kan nínú àwọn okùn wáyà tó di òpó mú sínú àgbàlá tirẹ̀, torí ilẹ̀ wa kò fẹ̀ tó. Ó kàn ní àdéhùn kan, èyí tí gbogbo àwọn tí ń tún òrùlé ṣe ní Zaria mọ̀ tẹ́lẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gòkè àfi bí wọ́n bá ti kígbe "Gáfárà!" tí àwọn obìnrin sì ti wọlé. Bàbá mi gbà á tọkàntọkàn.

Àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e dùn, n kò lè purọ́. Fánkà Bàbá Dúpẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ó ń yí, ó ń kùn bí oyin tó jìnnà, gílóòbù sì ń tàn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù tí àwọn awakọ̀ ń wá wò. Bí bàbá mi bá fẹ́ lọ fi gíríìsì pa á lórí, ìyá mi ni yóò lọ sẹ́nu ọ̀nà ògiri: "Gáfárà o! Ẹ wọlé, Bàbá Dúpẹ́ ń gòkè." Àwáwù yóò gbé ọmọ-ọlọ rẹ̀ sílẹ̀, yóò kó ìró rẹ̀ pọ̀. "Wọ́n tún fẹ́ lọ kí àwọn ará ọ̀run? Ẹ ní kí wọ́n bá mi bèèrè ọmọ lọ́dọ̀ wọn o!" Ìyálé yóò pòṣé láti inú yàrá. Nígbà tí ilẹ̀kùn wọn bá dún pé ó ti sé, ìgbà náà ni bàbá mi yóò tẹ irin àkọ́kọ́. Gbogbo ètò ló pé. Ètò tí kò bá tíì rí òjò, kò sí èyí tí kì í pé.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún náà wá lọ́sàn-án gangan. Ní Zaria, òjò àkọ́kọ́ kì í rọra wá. Eruku pupa ló máa ń kọ́kọ́ dé bí ògiri tí ń rìn, ìjì á tẹ̀ lé e, omi á wá kẹ́yìn. Ojú ọ̀run ṣú, páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Orí òpó wa yí ohùn padà. Kò kùn bí oyin mọ́, igbe ló ń ké, igbe tínínrín tó gún mi létí, òpó náà sì ń mì láti ìdí. Bàbá mi sáré jáde láti ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú irin tó fi ń jó òjé lọ́wọ́. Ìyá mi ké pé, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n pe gáfárà!" Ṣùgbọ́n ó ti wà lórí irin kẹta. Ẹni tó bá ń gbọ́ igbe ẹ̀rọ náà kò lè dá a lẹ́bi pé kò dúró. Ẹ wá wo ohun tí kò sí nínú àwòrán ṣọ́ọ̀kì: kò sí ìgbà tí gbogbo obìnrin ilé máa ń wà níta bí ìgbà tí ìjì bá dé. Ìrẹsì fífọ̀ wà lórí ẹní, ata wà lórí òrùlé ìdáná, aṣọ wà lórí okùn. Ìyálé sáré kó aṣọ. Àwáwù dojú bolẹ̀ ó ń gbá ìrẹsì jọ, afẹ́fẹ́ sì ti gba gèlè rẹ̀ lọ.

Ẹnu ọ̀nà ògiri ni èmi àti ìyá mi wà, a rí i gbogbo. Omi ti dé, ilẹ̀ ti rọ̀, èèkàn tó wà lọ́dọ̀ wọn ń yọ bọ̀ lókè bí eyín tó ń mì. Bó bá yọ, òpó náà yóò wó tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀. Àwáwù rí i. Ó ju ìrẹsì sílẹ̀, ó yí ọlọ ńlá tó fi ń lọ nǹkan lé èèkàn náà lórí, ó sì jókòó lé ọlọ, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ tí kò ní ìbòrí sókè sínú òjò, ó sì figbe ta: "Bàbá Dúpẹ́! Bàbá Dúpẹ́! Èèkàn ń yọ! Ẹ fà á kíá kí ẹ sọ̀kalẹ̀!" Mo gbọ́ tí bàbá mi dáhùn látòkè, "Mo gbọ́! Má dìde o! Má dìde!" Ó fa ìjánu, abẹ̀bẹ̀ náà bú, ó lọ́, ó dúró. Bàbá mi sọ̀kalẹ̀ láàyè. Nígbà tí Àwáwù yí ojú, Àlàájì tó ti pa ìsọ̀ rẹ̀ dé torí òjò dúró sẹ́nu àbáwọlé ilé rẹ̀, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń wo orí ìyàwó rẹ̀.

Kò pariwo. Bó bá pariwo ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá tán. Nígbà tí òjò dá, ó gba ìta wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi, kò jókòó. Bàbá mi ń gbọ̀n nínú aṣọ tútù. Àlàájì ní, "Bàbá Dúpẹ́, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà kan níhìn-ín. Ní Zaria wa, bí ọkùnrin bá ṣèèṣì rí eléhàá, ọmọlúàbí yóò sọ pé òun kò rí nǹkankan. Ọkọ mọ̀ pé ó rí i. Òun náà mọ̀ pé ọkọ mọ̀. Irọ́ náà ni aṣọ tí àwọn méjèèjì fi ń bo ìhòòhò ọ̀rọ̀, wọn yóò sì jọ lọ jẹun. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó ní, "Àlàájì, mo fi Ọlọ́run búra, n kò rí ẹnikẹ́ni. N kò sì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ìjánu nìkan ni mò ń wò."

Àlàájì ní, "O ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni?"

"N kò gbọ́."

"Èmi tí mo wà lójú títì gbọ́ ohùn ìyàwó mi. Ìwọ tó ń pè lórúkọ kò gbọ́ ọ."

"Afẹ́fẹ́ ni, Àlàájì."

Ó padà sílé, ó bi Àwáwù. Àwáwù kò mọ àṣà tí àwọn ọkùnrin fi ń bo ara wọn. Òótọ́ ló sọ: mo pè wọ́n, wọ́n dá mi lóhùn, wọ́n ní kí n má dìde. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ méjì náà kò bá ara wọn mu ni nǹkan tó jẹ́ kìkì ìjàǹbá di nǹkan mìíràn. Bí kò bá sí nǹkankan, kí ló dé tí ọkùnrin fi búra sórí rẹ̀? Kí ló dé tí obìnrin mọ bí a ṣe ń pè é tó bẹ́ẹ̀, tí òun náà sì mọ ẹni tó ń sọ fún pé kó má dìde? Ìyálé kò sọ púpọ̀. Ó kàn ní òun náà wà níbẹ̀, òun sì rántí bo orí òun.

Ìyá Àgbà wá bá wa lọ́jọ́ kejì, kò kí ẹnikẹ́ni kó tó jókòó. "Bàbá Dúpẹ́, ọ̀rọ̀ kì í tóbi títí ká fi ọ̀bẹ bù ú. Ẹ bá mi lọ sọ fún ọmọ mi pé obìnrin yẹn ló di ẹ̀mí yín mú. Ẹ sọ bó ṣe rí. Ó ń gbọ́ tiyín ju tèmi lọ." Bàbá mi ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Àgbà, mo ti fi Ọlọ́run búra. Bí mo bá yí i padà lónìí, kí ni yóò pè mí? Yóò ní mo rí ìyàwó òun, mo sì purọ́ mọ́ ọn." Ìyá mi tó ń rokà yọ ọmọorógùn kúrò nínú ìkòkò. "Ẹ rí i. Ẹ sì purọ́." Bàbá mi ní, "Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe purọ́! Kí wọ́n má baà sọ pé mo rí orí rẹ̀!" "Nítorí tirẹ̀ náà ni kí ẹ lọ sọ òótọ́." Kò lọ. Mo ti dàgbà ju bó ṣe dàgbà lọ nígbà náà, mo sì ti gbìyànjú láti gbọ́ ọ yé. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti gbèrò ohun gbogbo sórí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti máa ń gbèrò lọ, ó wọn afẹ́fẹ́, ó wọn ilẹ̀, ó wọn òjìji igi. Ìtìjú nìkan ni kò wọ̀n, kò sì mọ bí tirẹ̀ ṣe wúwo tó. Ó tún èèkàn kàn, sórí ilẹ̀ tiwa lọ́tẹ̀ yìí, ó fún un ní síméńtì. Ó rí wáyà gígùn rà fún ìjánu. Bí ó ti ń da síméńtì náà ni bíríkìlà Àlàájì ń to búlọ́ọ̀kù amọ̀ dí ẹnu ọ̀nà inú ògiri láti òdìkejì. A ń gbọ́ ìró ṣíbí ìmọlé àwọn méjèèjì. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì kúuṣẹ́.

Wọ́n ní Àwáwù yóò padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ìlọrin. Ìyá Àgbà ló rán ọmọ kan sí wa láti sọ ọjọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ìyá mi mú mi lọ́wọ́, a dé ibùdókọ̀ ká tó rí wọn. Mo ti rò pé n óò dá a mọ̀, ṣùgbọ́n aṣọ dúdú ló bò ó látòkè délẹ̀, n kò rí i lójú títì rí, n kò mọ bó ṣe ń rìn níbi tó gbòòrò. Ẹrù rẹ̀ kò ju àpótí kan àti àwo ìdáná màsà tí a dì mọ́ àkísà. Àbúrò Àlàájì tó ń sìn ín lọ dúró lókèèrè, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ṣe ìwọ̀n oore tó lè ṣe. Ìyá mi ń pè é ní "Àwáwù, Àwáwù mi," ó ń gbá eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀, eruku tí kò sí níbẹ̀. Àwáwù na ọwọ́ jáde lábẹ́ aṣọ, ó fi gbá mi létí jẹ́jẹ́ bó ṣe máa ń ṣe bí mo bá ta màsà tán. Ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ láì fara pa? Mi ò rí wọn dáadáa, òjò bò mí lójú. Mo ń rò ó ṣáá pé bóyá wáyà ya wọ́n lọ́wọ́." Ìyá mi ní wáyà kò ya á. Ó ní kò sí ibì kan tó ha á lára. "Alhamdulillahi," ni Àwáwù wí, ó sì mí kanlẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n pè é, ó sì wọ ọkọ̀.

A padà délé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Fánkà ń yí, bátìrì awakọ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gílóòbù ti tàn. Bàbá mi ń dúró dè wá lójú ọ̀nà, ó ti nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú àga jáde fún ìyá mi, ohun tí kì í ṣe. Ìyá mi kò jókòó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn yanrìn inú rẹ̀ dànù, ó mú ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ojúlé tí kò dọ̀tí. Bàbá mi ń wò ó títí, ó wá fi ohùn kékeré bi í pé:

"Kò bèèrè mi?"

Ìyá mi ò gbé ojú sókè.

"Kí ló fẹ́ bèèrè? Ṣebí ẹ̀yin ò gbọ́ ohùn rẹ̀."